Ẹ̀fọ́ Tó Ń Dún Lẹ́nu Ìyá Ọkọ Mi

Nígbà tí mo ń fi Kétu tó wà ní ìkọjá bodè sílẹ̀, kò sẹ́ni tó sunkún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń lọ sí ilẹ̀ Faransé, gbogbo agbo ilé ló sìn ín dé ìdí ọkọ̀, wọ́n gbàdúrà fún un títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ní tèmi, Ìbàdàn ni mò ń lọ, ilé ọkọ. Bàbá mi ní, "Ìbàdàn kẹ̀? Ilẹ̀ Yorùbá náà kọ́ nìyẹn? Ẹni tó kúrò ní yàrá tó bọ́ sí pálọ̀, ṣé òun náà rin ìrìn àjò ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n di gààrí fún mi, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Bàbá mi kò mọ nǹkan kan. Ẹni tó lọ sí Faransé tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó mọ̀ pé àjèjì lòun, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ síbẹ̀. Èmi gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ní Ìbàdàn. Mo sì ń gbọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá la ẹnu lọ́jà, ẹni tó ń tajà á wo ẹni kejì rẹ̀, wọn á ní, "Yorùbá ibo lèyí?" Èdè tí ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún ni wọ́n ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ìgbà mìíràn, mo máa ń dákẹ́ kí n sì na ìka sí ohun tí mo fẹ́ rà, bí odi.

Yàrá kan àti pálọ̀ kékeré la gbà ní Agbowó, nínú ilé gígùn kan tí àwọn yàrá kọjú síra wọn. Ọ̀rúndún tó kọjá ló ń parí lọ nígbà náà, nǹkan le. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọkọ mi ní Sẹkitéríàtì, owó oṣù rẹ̀ kì í sì í tètè dé. Bí wọ́n bá mú iná mànàmáná lọ, gbogbo àdúgbò á pariwo. Bí wọ́n bá mú un padà, wọn á tún pariwo. Ó pẹ́ kí n tó mọ ariwo ayọ̀ yàtọ̀ sí ti ìbínú, nítorí pé ọ̀kan náà ni lẹ́nu wọn.

Mo rí iṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi kan ní Bódìjà, láti máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Faransé. Ọjọ́ tí mo débẹ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà kó àwọn òbí jọ, ó ní, "Madam wa tuntun nìyí o, òkè òkun ló ti wá." Mo wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló dúró síbẹ̀. Ọmọ kan bi mí bóyá yìnyín máa ń bọ́ ní ìlú wa. Mo ní ọyẹ́ nìkan la ní. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Bí mo ṣe wà nìyẹn: ní Agbowó, ará oko ni mí, ní Bódìjà, òyìnbó ni mí. Mo sì ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ibì kan dé èkejì láràárọ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tó kọ́kọ́ fà mí mọ́ra ni Ìyá Ṣadé, aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ti pẹ́ ní Ìbàdàn. Èèyàn dáadáa ni, àfi pé ọwọ́ wọn kì í gbé jẹ́ẹ́. Ilé ìdáná kan náà ni gbogbo ayálégbé ń lò lẹ́yìnkùlé, kálukú pẹ̀lú sítóòfù rẹ̀. Bí o bá gbé ọbẹ̀ kaná tí o yà wọ yàrá, kí o tó jáde, Ìyá Ṣadé ti rò ó, wọ́n ti tọ́ ọ wò, wọ́n sì ti fi ohun tó kù sí i. Wọn kì í béèrè. Lójú wọn, ìkòkò ẹnì kejì tó fẹ́ bàjẹ́ dà bí ọmọ ẹnì kejì tó ń rìn lọ sójú títì: wàá kọ́kọ́ fà á padà ná, kí o tó wá ìyá rẹ̀.

Bí àárò ilé bá mú mi, mo máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù tó wà lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì. Wọn á pe ọkùnrin kan tó ní tẹlifóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Kétu, òun á rán ọmọ sí ìyá mi, èmi á jókòó kí n máa retí, wọn á sì tún un pè. Bí ìyá mi bá gba fóònù, igbe ni wọ́n máa ń ké, bí ẹni pé ohùn wọn ló gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ kọjá bodè. "Ṣé dáadáa lo wà?" Mo ní dáadáa ni. "Ṣé o ò máa jà?" Mo ní n kò jà. Owó á tán níbẹ̀. Bí mo ṣe ń padà lọ sílé ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Màmá ni ìyá ọkọ mi. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń gbé, ẹ̀lúbọ́ ni wọ́n ń tà. Orí ń fọ́ wọn, òòyì ń kọ́ wọn, ni ọkọ mi bá mú wọn wá sí Ìbàdàn wá rí dókítà. Dókítà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ mú, so okùn mọ́ wọn lápá, ó wò ó, ó tún un so. Ó ní, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ yín ga gan-an. Iyọ̀, ẹ dín in kù. Epo, ẹ dín in kù. Òkèlè náà, ẹ dín in kù. Ẹ máa jẹ ewébẹ̀ àti ẹja, kí ẹ sì máa rìn. Ẹ má tíì padà sílé, ibí ni kí ẹ wà títí ẹ̀jẹ̀ yín á fi wálẹ̀."

Oníṣòwò ẹ̀lúbọ́ ni wọ́n ń sọ pé kó dín òkèlè kù yìí o. Màmá bi í pé, "Kí lẹ wá fẹ́ kí n máa jẹ, dókítà? Atẹ́gùn?"

Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Bí orí ṣe ń fọ́ Màmá yìí gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀ lára bàbá rẹ̀, kí rọpárọsẹ̀ tó kọ lù wọ́n, tí wọn kò sì dìde mọ́. Nígbà tí a délé, ó fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Jọ̀ọ́," ó ní, "bá mi dá wọn dúró. Bí wọ́n bá padà sí Ìsẹ́yìn báyìí, kò sẹ́ni tó máa lè mú wọn níbẹ̀." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. N kò mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo se ẹ̀wà láìfi iyọ̀ sí i. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n ní àwọn ti yó. Mo bọ ẹ̀fọ́ lásán. Wọ́n fi ọwọ́ ti àwo náà padà sọ́dọ̀ mi. "Ìyàwó," wọ́n ní, "ọkọ rẹ ni mo bí. N kò bí ewúrẹ́."

Ìrìn tí dókítà ní kí wọ́n máa rìn nìkan ni wọn kò bá a jiyàn lé lórí. Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n ń rìn. Ó yà mí lẹ́nu, àfi ọjọ́ tí mò ń ti iléèwé bọ̀ tí mo rí ìró aṣọ Màmá lẹ́yìn obìnrin kan tó ń dín dùndún ní oríta. Mo súnmọ́ wọn. Ẹnu wọn ń dán, ata wà lágbọ̀n wọn.

"Ẹ kú ìrìn o, Màmá," ni mo wí.

"Hẹn," wọ́n dá mi lóhùn, "mò ń bá a fẹ́ iná ni."

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n sọ fún ọkọ mi pé àwọn ń padà sílé. "Ikú tó bá máa pa mí, kó bá mi níbi tí mo ti yó." Ọkọ mi wò mí. Mo wo ilẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí Tàntí. Kí n tó lọ́kọ, mo ti bá obìnrin arúgbó kan tí a ń pè bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ rẹ̀ ní Kùtọnù. Ọmọ ilẹ̀ Vietnam ni. Sójà ọmọ ilẹ̀ wa kan tó bá àwọn Faransé jagun lọ́hùn-ún ló fẹ́ ẹ wálé, sójà náà sì ti kú kí n tó mọ̀ wọ́n. Ó ti gbé Kùtọnù ju bí ó ṣe gbé ìlú rẹ̀ lọ, síbẹ̀ àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń pè é ní àlejò. Oúnjẹ ilé rẹ̀ ló máa ń sè, àmọ́ ohun tó wà lọ́jà wa ló fi ń sè é. Omi ẹja kan wà tí wọ́n máa ń fi sí ọbẹ̀ ní ìlú rẹ̀. Nígbà tí kò rí i rà, ó rẹ irú sínú omi gbígbóná, ó sẹ́ ẹ, ó tọ́ ọ wò, ó ní wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá.

Tàntí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Gbogbo nǹkan ló máa ń gé sílẹ̀ tinrín-tinrín kó tó dáná. Lẹ́yìn náà, iná á pọ̀, òróró á kéré, ọwọ́ á yá. Bí mo bá jẹ́ kí ẹ̀fọ́ pẹ́ lórí iná, á gbá mi lọ́wọ́. "Má pa á," á ní, "ṣáà dẹ́rù bà á." Ó fẹ́ràn láti máa gé àlùbọ́sà fúnra rẹ̀. Ó ní àlùbọ́sà ni ọ̀rẹ́ àjèjì. Bí o bá ń gé e, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé kí ló ń pa ọ́ lẹ́kún. Nígbà yẹn, mo rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ kan péré. Mo ní bí oúnjẹ ọ̀la kò bá dùn mọ́ wọn, èmi gan-an ni máa gbé ẹrù wọn dé gáréèjì. Wọ́n ní ó dáa.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti iléèwé lọ dúró kí ọjà Bódìjà fẹ́ tú, nítorí pé ìgbà yẹn ni àwọn oníkárọ́ọ̀tì máa ń ta èyí tó wọ́ lọ́pọ̀. Mo ra kárọ́ọ̀tì wíwọ́, kábéèjì tí ewé òde rẹ̀ ti ya, àlùbọ́sà eléwé, ata ilẹ̀ àti aáyù. Mọ́là tó tà á fún mi wo ẹrù mi, ó ní, "Madam, ehoro lẹ ń sìn?" Mo ní ìyá ọkọ mi ni mo fẹ́ sè é fún. Ó fi kárọ́ọ̀tì kan kún un fún mi, ó ní, "Allah á bá yín ṣe é." Mo ra ẹja epìyà kéékèèké lọ́wọ́ obìnrin kan tó kó o wá láti Ẹlẹ́yẹlé, mo sì ra wàrà tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe. Gbogbo rẹ̀ kò tó owó ẹran tí à bá rà.

Mo délé, mo bọ́ sí ilé ìdáná. Mo gbé ìrẹsì ìbílẹ̀ kaná. Mo rẹ́ ata ilẹ̀ sórí ìdajì ẹja, mo gbé àwo ẹja náà lé orí ìkòkò ìrẹsì kí ooru rẹ̀ máa sè é. Mo gé gbogbo ewébẹ̀ bí Tàntí ṣe kọ́ mi, mo pín òun àti wàrà sí ọ̀nà méjì: a máa jẹ ìdajì, n ó fi ìdajì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo fẹ́ iná sítóòfù títí ó fi pọ̀, mo ta òróró díẹ̀, mo da aáyù sí i, mo da ìdajì kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti wàrà sí i, mo wọ́n omi irú lé e, mo yí i, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ń tàn. Òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí Kùtọnù débi pé mo dì mọ́ ògiri. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló kù. Mo dé ìkòkò, mo sáré lọ wá a ní ìkóríta, ó sì pẹ́ kí n tó rí i rà.

Ìgbà tí mo padà dé, àwo ti wà níwájú Màmá, wọ́n sì ń jẹun. Tọkàntọkàn ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Wọ́n rí mi, ojú wọn tàn. "Ìyàwó! Èyí ni kó o ti máa sè láti ọjọ́ yìí! Mo gbà fún ọ."

Mo wo inú àwo. Ó pupa. Epo ń léfòó lórí ìrẹsì, kárọ́ọ̀tì ti rọ̀ bí ìbẹ́pẹ, iyọ̀ ń rùn débi tí mo dúró sí. Ìyá Ṣadé ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Màmá ní ebi ń pa àwọn," wọ́n ní, "mo wá ṣí ìkòkò rẹ, mo rí i pé ohun gbogbo ṣì wà ní tútù, ẹja funfun báláú bí ẹni àìsàn. Mo mọ̀ pé iléèwé ti tán ọ lókun. Mo bá ọ tún un sè, mo bá ọ fi epo àti iyọ̀ sí i. Má dúpẹ́."

Màmá bu òmíràn. Ṣíbí ti dé ẹnu wọn. Lójú ọkàn mi, mo rí bàbá ọkọ mi tí n kò rí sójú rí. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gba àwo náà kúrò níwájú wọn.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ní ilẹ̀ wa, èèyàn lè bá ọmọ wí, ó lè nà án, ṣùgbọ́n kì í gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ti ọmọ là ń sọ yẹn o. Ìyá ọkọ ni tèmi.

"Ẹ gbà mí o!" ni Màmá figbe ta. "Ará Ìbàdàn, ẹ gbà mí! Ìyàwó gba oúnjẹ lẹ́nu mi!"

Gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣí. Ọkọ mi tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ sáré wọlé pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Mo di àwo mú bí olè tí wọ́n ká mọ́lé, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, gbogbo Yorùbá tí mo mọ̀ sá mọ́ mi lẹ́nu, Faransé ló ń jáde. Ìyá Ṣadé wò mí tàánútàánú. "Kí ló ṣẹlẹ̀?" wọ́n bi mí. "Àbí iyọ̀ rẹ̀ ò tó ni?"

Màmá di ẹrù wọn, wọ́n sì jókòó lé e. Wọ́n ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ń lọ. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, Ìyá Ṣadé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ṣe náà kúnlẹ̀, Màmá kọ̀, wọ́n ń wo ògiri. Èmi sá jáde. Ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù kò tíì tì.

Ìyá mi tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi rò ó tán. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn kò kígbe.

"O gba oúnjẹ lẹ́nu ìyá ọkọ rẹ."

"Mo gbà á, Màámi."

"Níbo lo wà báyìí?"

"Mo dúró sídìí fóònù."

"Ìwọ ń dúró? Kúnlẹ̀."

"Màámi, èrò wà níbí..."

"Mo ní kó o kúnlẹ̀!"

Mo kúnlẹ̀. Okùn fóònù náà kúrú, àfi kí n gbé orí sókè bí adìyẹ tó ń mumi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó tò sẹ́yìn mi ń wò mí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Aunty, e be like say na VC you dey call."

"Ṣé o ti kúnlẹ̀?"

"Mo ti kúnlẹ̀."

"Ó dáa. Ohun tí o ṣe dára. Bí o ṣe ṣe é ni kò dára. Bí o ṣe wà yẹn ni kó o lọ wà níwájú rẹ̀, kó o sì sọ òtítọ́ fún un. Ṣé o gbọ́?" Wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé ó ń ni ọ́ lára níbẹ̀ yẹn ni?"

Mo ní ó ń ni mí lára. Mo sunkún níbẹ̀ lórí eékún mi, níṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn, ara sì fúyẹ́ fún mi.

Mo padà délé, mo kúnlẹ̀ síwájú Màmá. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ lè nà mí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún gbé epo yẹn sẹ́nu, n ó tún gbà á. N kò bá bàbá láyé. N kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ ìtàn ẹ̀yin náà fún mi."

Wọ́n yíjú kúrò lára ògiri, wọ́n wò mí.

"Ọmọ tí mo bí," ni Màmá sọ nígbẹ̀yìn, "ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ mí látàárọ̀. Kò tó bẹ́ẹ̀." Wọ́n na ọwọ́ kí n fà wọ́n dìde. "Kí ló tiẹ̀ wà nínú oúnjẹ ọ̀hún tí o fi ń torí rẹ̀ bá mi jà? Wá sè é lójú mi."

Wọ́n jókòó sórí àpótí nílé ìdáná, àtùpà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá Ṣadé dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n ní kí àwọn má bàa ṣèèṣì. Mo kọ́kọ́ fi ooru omi gbígbóná se ẹja tó kù, lẹ́yìn náà mo fẹ́ iná, mo da ìdajì ewébẹ̀ àti wàrà tó kù sí i, mo yí i, mo sọ̀ ọ́. "Ó tán?" ni Màmá bi mí. "Ìwọ Ìyàwó, mo ní kó o sè é, o kàn fi í han iná ni." Mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ wọn, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e.

Wọ́n jù ú sẹ́nu, wọ́n gé e jẹ. Ó dún. Gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Màmá dúró, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n tún un jẹ. Ó tún dún.

"Ṣé eyín mi nìyẹn?" wọ́n bi wá. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í jí lójú wọn. "Ẹ̀yin èèyàn, láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé òkèlè mì, mo ti rò pé wọ́n ti fẹ̀yìn tì!"

Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n jẹ ẹja náà kan egungun. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ẹ̀wà ni wọ́n fi ṣe wàrà náà, pé kò rí màlúù rí, wọ́n pè é ní wàrà aláìníyàá, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára nínú ilé wa títí di òní. Wọ́n tú ẹrù.

Láti ìgbà náà, n kò ní ilé ìdáná mọ́, Màmá ló ni ín. Àwọn ni wọ́n ń gé ata ilẹ̀, èmi ni mò ń bu omi. Wọ́n máa ń bá mi lọ sí Bódìjà, ẹnu tí wọ́n fi ń ta ẹ̀lúbọ́ ni wọ́n fi ń ná kárọ́ọ̀tì, Mọ́là rí wọn, ó ní, "Ehoro ti dé o." Bí ẹnikẹ́ni bá la ẹnu bi mí pé Yorùbá ibo lèyí, Màmá á ní, "Yorùbá ìyàwó mi ni. Ṣé o fẹ́ tajà ni tàbí o fẹ́ kọ́ ọ?" Bí Ìyá Ṣadé bá gbé ẹ̀fọ́ tiwọn kaná, wọn á gbọ́ ohùn Màmá láti pálọ̀: "O ti pa á! O ti pa á o!"

Bí iléèwé bá ti tán, mo máa ń sáré wálé. A jọ ń ṣa ìrẹsì lẹ́yìnkùlé, wọn á máa sọ bí ọkọ mi ṣe burú tó nígbà tó wà ní kékeré, èmi náà á sọ ti Kétu, ti odò, ti bàbá mi àti yàrá òun pálọ̀ rẹ̀. Wọ́n tẹ́tí sílẹ̀ bí ẹni pé ọ̀nà jíjìn ni mo ti wá lóòótọ́. Mo fẹ́ràn wọn. N kò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo kàn rí i pé ó ti pẹ́ tí mo ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tẹlifóònù kẹ́yìn.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò pé, gbogbo wa la lọ. Dókítà so okùn mọ́ wọn lápá, ó wò ó, ó tún un so, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ̀ ń lò?"

"Kárọ́ọ̀tì àti ìyàwó," ni Màmá wí.

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi gbọn orí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti wálẹ̀ dáadáa, ó ní kí wọ́n máa jẹ bẹ́ẹ̀ nìṣó, kí wọ́n sì máa lo oògùn wọn. Ó ní wọ́n lè máa lọ sílé. Ọkọ mi fò sókè. Màmá ń kọrin nínú takisí láti ibẹ̀ dé Agbowó, awakọ̀ ń bá wọn gbè é. Èmi ń wo ìta lójú fèrèsé.

Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, a sìn wọ́n dé gáréèjì ní Ṣàngó. Wọ́n ru ata ilẹ̀ tó lè tó odindi Ìsẹ́yìn lò, wọ́n sì ti ń sọ fún obìnrin tó jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀ pé ẹ̀fọ́ tó bá rọ̀, òkú ẹ̀fọ́ ni. Wọ́n yọ orí síta. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ojú wọn pọ́n, wọ́n wá yíjú sí awakọ̀, wọ́n ní kí ló ń dúró ṣe. Ọkọ̀ ṣí.

Nílé, ọkọ mi ń fò kiri bí ọmọ tó yege ìdánwò. Ó ní òun kò mọ bí òun ṣe máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo dá a lóhùn pé kò tọ́pẹ́, mo sì bọ́ sí ilé ìdáná. Àpótí Màmá wà níbi tí wọ́n fi í sí. Mo jókòó lé e, ẹkún sì gbọ̀n mí.

Ìyá Ṣadé ló bá mi níbẹ̀. Wọ́n lóṣòó tì mí, wọ́n gbá ẹ̀yìn mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kí ló dé?" wọ́n ní. "Ṣebí ara wọn ti yá? Ṣebí ohun tí o fẹ́ nìyẹn?"

Mo fi ìró nu imú.

"Ìyá Ṣadé," mo ní, "ká ní mo mọ̀ pé bí ara wọn bá yá wọ́n máa lọ ni, ǹ bá jẹ́ kí ẹ bá mi bu epo díẹ̀ sí i."